Ẹní Àwọn Ẹgbẹ́ Nurat

Ẹní méjì ni Ìdáyátù kọ́kọ́ tẹ́ sí abẹ́ igi máńgòrò, ló bá tún lọ yá ẹ̀kẹta nílé kejì. Ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ, ó wá dúró, ó ń wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Àǹtí," ó ní, "ṣé yóò gbà wọ́n báyìí?"

Cecilia ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni. "Yóò gbà wọ́n, Ìyá Nurat," ó dáhùn. Ẹní kan ṣoṣo á gbà wọ́n, àyè á tún ṣẹ́kù. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá ẹnikẹ́ni máa wá rárá.

Ọjọ́ kẹjọ nìyẹn tí wọ́n ti sin Nurat, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fà á láti kékeré, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń fi eegun ọmọ ṣe bó ṣe wù ú. Lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ́ kí wọ́n gbé e dé ọsibítù. Ọ̀fọ̀ ọmọ kì í ṣe ohun à ń pe èèyàn sí, nítorí náà àdúà ráńpẹ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe: ààfáà kan, àkàrà díẹ̀, àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, bí Cecilia ṣe ń wá bí yóò ṣe dágbére, Ìdáyátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ bá mi kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kẹjọ. Bí mo bá rí wọn, á dà bíi pé mo rí i."

Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é ní Odigbo nìyẹn. Bí ọmọ ilé ìwé bá kú, kíláàsì rẹ̀ á wọ aṣọ ilé ìwé, wọ́n á tò wá, wọ́n á jókòó ti ìyá rẹ̀, ìyá á máa wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ta ló máa wá wo ojú abiyamọ tó ń ṣọ̀fọ̀, tó máa ní rárá? Cecilia ní òun á kó wọn wá. Ó délé tán kó tó rántí pé Nurat kò ní kíláàsì.

Ọmọ Ìdànrè ni Cecilia. Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ló gbé e wá sí Odigbo, kó wá máa darí ètò kan fún àwọn ọmọ tó já ilé ìwé sílẹ̀, tàbí tí ilé ìwé já sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ Olúkúlùkù ni wọ́n ń pè é. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń kó àga fífọ́ sí tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fún un. Ó kó àga fífọ́ dànù, ó kun ògiri, ó wá pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó: kí lo mọ̀, kí lo ò mọ̀, ìgbà wo ni iṣẹ́ máa ń fi ọ́ sílẹ̀? Nurat kò lè fara da òtútù òwúrọ̀, nítorí náà ìyálẹ̀ta ni tirẹ̀. Luqman, tó ń kọ́ṣẹ́ táyà ní gáréèjì Ore, ọ̀sán nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń yọ̀ǹda rẹ̀. Oríyọmí ti Araromi-Obu ti bímọ, ó gbọ́dọ̀ dúró kí ọmọ sùn ná. Festus sì ń ti oko kòkó Agbabu bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, Cecilia á gbé ìwé lọ bá a lórí ibùsùn.

Ó ń ṣiṣẹ́, ká má parọ́. Àwọn ọmọ tí àwọn èèyàn ti ní kí wọ́n gbàgbé ìwé ń kàwé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀, pátákó tirẹ̀, àkókò tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì á ti lọ. Iyì ni Cecilia ka ìyẹn sí. Bó bá sì fẹ́ kí ẹnìkan tẹra mọ́ṣẹ́, ìtàn ẹlòmíràn ló máa ń sọ fún un. "Luqman tí gírísì ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ti parí ìwé ìṣirò kejì, ìwọ ń sùn." "Nurat ń kàwé lórí ibùsùn ọsibítù, omi ń kán sí i lára, ìwọ ní orí ń fọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi ọ̀kan na èkejì, ó sì ń ràn wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti Nurat ni ìlọ́ra. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, ọmọ náà kì í fẹ́ lọ. Á so okùn bàtà, á tú u, á tún un so. Á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní òun ń gba atẹ́gùn. Cecilia kì í gbà. Oòrùn ń le bọ̀, ara ọmọ yìí kò gba ìyà. Fúnra rẹ̀ ló máa ń jáde sí títì lọ na ọwọ́ sí ọ̀kadà, á gbé Nurat gùn ún, á kìlọ̀ fún ọlọ́kadà pé kó rọra gbé e délé.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ọ̀fọ̀ náà ló fi ń wá àwọn yòókù kiri. Ọ̀gá Luqman ní àkókò tí òun máa ń yọ̀ǹda ọmọ náà náà ni òun lè yọ̀ǹda rẹ̀, kò sí òmíràn. Oríyọmí ní ó di ìgbà tí ọmọ òun bá sùn. Festus ní òun á gbìyànjú, Cecilia sì ti mọ ohùn ẹni tó ní òun á gbìyànjú. Kò sí ẹni tó burú nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lè kóra jọ ní àkókò kan náà ni, ilé ìwé bíi ti gbogbo ayé ni wọn ì bá kúkú máa lọ. Olúbísí, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tiẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé òun lè yá a ní àwọn ọmọ kíláàsì kan, kí wọ́n kàn lọ jókòó. Cecilia fẹ́ẹ̀ gbà. Nígbà tó rò ó dáadáa, ojú tì í pé kí èèyàn máa yá ọmọ bí ẹni yá ìkòkò, ó ní kó má ṣèyọnu.

Ààfáà dé, ó jókòó sórí àga, ó ṣe àdúà. Àwọn ará ilé ṣe àmín. Wọ́n pín àkàrà. Ìdáyátù kò jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀nà títì ló ń wò. Òun tó ń fi ohùn ta ìpékeré ní gáréèjì Ore, tí awakọ̀ ń gbọ́ láti òdìkejì, kò sọ gbólóhùn kan láti àárọ̀ ju ti ẹní lọ. Ààfáà parí, ó lọ. Ẹní mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀, ewé máńgòrò ti ń já bọ́ sórí wọn.

Gàzálì, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìdáyátù, súnmọ́ Cecilia. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Tíṣà, ilé ìwé yín yìí, ṣé ó láwọn ọmọ?"

"Ó ní, sà."

"A ò rí wọn." Ó mi orí. "Mo sọ fún ìyá Nurat nígbà tí ọmọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń dá nìkan kọ́, mo ní, ẹ̀kọ́ aláìsàn ni. Ó ní irọ́, ó ní ọmọ òun ń lọ sílé ìwé bí ọmọ gbogbo ayé, ó lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú etí ẹní kan. "Ẹ jẹ́ ká ká a, kí oòrùn má bà á jẹ́."

Ó dùn Cecilia títí dé inú egungun, nítorí òótọ́ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà.

"Ẹ fi sílẹ̀, bùọ̀dá," Ìdáyátù ní. Kò gbé ojú kúrò ní títì. "Àkókò wọn ni kò tíì tó. Luqman kì í ráyè àfi ọ̀sán."

Cecilia yíjú sí i. "Ìyá Nurat, ta ló sọ fún yín?"

"Nurat náà ni. Gbogbo wọn ni mo mọ̀."

Wọ́n ti kí ìrun Àílà ọ̀sán tán nígbà tí Luqman dé, ẹsẹ̀ ló fi rìn, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn nítorí gírísì. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Ìwọ ni Luqman," Ìdáyátù ní. "Mú ọwọ́ wá kí n rí i." Ó mú un, ó yí i padà. "Nurat ní o lágídí, ṣùgbọ́n o mọ ìṣirò ju òun lọ. Jókòó."

Luqman wo Cecilia, ó jókòó. Ó ní ọ̀gá òun ní kí òun má pẹ́, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ bàtà.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Oríyọmí fi dé, ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, èdè Ìkálẹ̀ ló fi kí ìyá, ó ń sunkún bó ṣe ń kí i. Ìdáyátù na ọwọ́, ó gba ọmọ náà, ó gbé e lé àyà, ó pa ojú dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó la ojú.

"Oríyọmí, Luqman rèé. Ẹ ò kíra yín?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn bí ẹni tó pàdé nínú ọkọ̀.

"Àbí ẹ ń jà ni?"

"Rárá, mà," Luqman ní. "A ò tíì pàdé rí ni."

"Ẹ ò tíì pàdé rí." Ìdáyátù tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. "Nurat ńkọ́?"

Luqman wo ilẹ̀. "Mo rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ń bọ̀, ọ̀kadà ń gbé e lọ. Ó yíjú padà, ó pè mí lórúkọ, ó ń juwọ́ sí mi. Èmi ò mọ ẹni tó jẹ́ nígbà náà, n ò juwọ́ padà."

Gàzálì tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri wú ikọ́ lásán. Ìdáyátù ń fi ọwọ́ gbá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn jẹ́jẹ́, kò dá a dúró.

"Ó máa ń sọ ọ́," ó ní. Cecilia ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù. "Á ní, 'Màámi, Àǹtí ò jẹ́ kí n dúró de àwọn ẹgbẹ́ mi.' Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní àánú rẹ̀ ló ń ṣe yín."

Okùn bàtà Nurat ni Cecilia ń rí. Á so ó, á tú u, á tún un so, ojú rẹ̀ á wà lójú ọ̀nà, òun á sì dúró tì í, òun á ní, "Nurat, ó tó, dìde." Ọjọ́ mélòó ni? Ó rò pé òtútù àti oòrùn nìkan ló lè pa ọmọ náà lára. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Festus ló dé gbẹ̀yìn, ó ti Agbabu gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sórí ọ̀kadà. Kó tó dọ̀bálẹ̀ tán, Ìdáyátù ti ń sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn yòókù, ó ní òun ni ẹni tó máa ń kọrin bó bá ń kàwé. Ojú ti Festus. Oríyọmí rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí ilé ọ̀fọ̀ ni, Ìdáyátù sì ní kó má bò ó. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Nurat. Oríyọmí ní nígbà tí òun fẹ́ dáwọ́ ìwé dúró, ìtàn Nurat ni Àǹtí sọ fún òun. Luqman ní wọ́n sọ ọ́ fún òun náà. Kò sí ẹni tó ní ohun tirẹ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, ẹnu Cecilia ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Síbẹ̀ ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ọ bíi pé tuntun ni, ó sì jẹ àkàrà kan.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Cecilia rántí pé ọ̀nà Araromi-Obu kò dára lálẹ́, ó rántí ọmọ ọwọ́, ó rántí ọ̀gá Luqman. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dìde, ó ti dé etí títì, ó ti na ọwọ́. Ọ̀kadà kan dúró. Ọlọ́kadà náà mọ̀ ọ́n.

"Àǹtí, ta ni kí n gbé lónìí?"

Ó wẹ̀yìn. Ọmọ Oríyọmí ti jí, ó wà lọ́wọ́ Luqman báyìí, gírísì ti kan aṣọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì bìkítà. Festus ń ṣàlàyé nǹkan kan, ó ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ìdáyátù wà láàárín wọn, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí.

"Má bínú," Cecilia ní. "Máa lọ. Wọn ò tíì fẹ́ lọ."

Ó dúró títí ìró ọ̀kadà náà fi lọ tán. Ó padà sábẹ́ máńgòrò, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ó sì jókòó sí etí ẹní.