Ẹran Tí Abibat Gbé Kọ́

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ọdún náà, ẹran ti sú gbogbo wa nílé Àlímì àbúrò mi, oníbúrẹ́dì, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ti jẹ ẹran débi pé bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá ń kọjá lójúde, ojú a máa tì mí láti wò ó. Ìrẹsì tó kù nínú ìkòkò ti gan. Ọbẹ̀ tí a ń gbé kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó má baà kan ti ki, epo rẹ̀ ti dá sókè. Ẹran díndín ti le koko. Búrẹ́dì tí kò tà kí ọdún tó wọlé ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀, ẹ lè fi lé ajá. Òjò oṣù Agẹmọ sì ń rọ̀ láti òwúrọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi sá lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹran kò sú. Asimawu ni, ọmọbìnrin Àlímì, nítorí pé kò tíì fi ẹnu kàn án rárá.

Abibat ìyá rẹ̀ kú nígbà ọyẹ́. Àwa ẹbí ni a rọ Àlímì pé kó tún ìyàwó fẹ́, nítorí iṣẹ́ búrẹ́dì kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó dá wà. Ó bá fẹ́ Nimotalahi, ọmọ apẹja láti Òde-Omi, obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Asimawu kò bú u, kò gbó o lẹ́nu. Kò kàn jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbé àwo síwájú rẹ̀, á ní "ẹ ṣé," á jókòó tì í títí yóò fi tutù, á sì dìde. Àkàrà tí mo bá yọ fún un ní kọ̀rọ̀ àti búrẹ́dì tó bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ọdún kejì ilé-ìwé ọ̀fẹ́ nìyẹn, òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Bí mo bá rí bí ọrùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó nínú aṣọ ilé-ìwé, ẹkún a máa gbọ̀n mí.

Nimotalahi kì í pe é lórúkọ. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, orúkọ ìkẹ́ ni yóò sọ ọ́. Ó sọ ọmọ náà ní Eyínfúnjowó, ó ní òun gbọ́ pé eyín rẹ̀ funfun. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì rí eyín ọ̀hún.

Ìyá tó bí Abibat, tí gbogbo wa ń pè ní Ìye Àgó (ìye ni ìyá lẹ́nu wa) nítorí Àgó-Ìwòyè ló ń gbé, ti sọ tirẹ̀ kí ọdún tó dé, kò sì fi bò. Ó ní bí ọmọ ọmọ òun kò bá tíì jẹun lọ́wọ́ ìyàwó tuntun títí Iléyá yóò fi parí, òun yóò wá mú un lọ. N kò lè dá a lẹ́bi. Ta ni yóò máa wo ọmọ tó ń gbẹ? Ṣùgbọ́n Àlímì kò ní ọmọ mìíràn. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló ti ń po ìyẹ̀fun bí ẹni pé ìyẹ̀fun ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹta náà pé, Ìye Àgó sì dé nínú òjò, ó bọ́ọ́lẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo lọ́wọ́. Gbogbo wa mọ ohun tí ó fẹ́ fi apẹ̀rẹ̀ náà kó.

Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹran orí àjà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rò pé ọmọ náà kàn jẹ́ olóríkunkun. Nílé wa, bí a bá ti pa àgbò tán, ìyàwó ilé á gé ègé kan níbi itan, á fi iyọ̀ àti ata pa á lára, á sì gbé e kọ́ sí àjà lókè àdìrò. Ibẹ̀ ni yóò wà nínú èéfín títí di Iléyá tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí tuntun bá gòkè, ti àtijọ́ á sọ̀ kalẹ̀, a ó sì sè é mọ́ oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù. Bàbá wa máa ń sọ pé kí ọdún tó lọ lè kí ọdún tó dé ni.

Èyí tó wà lókè lọ́dún yìí, Abibat ló gbé e kọ́. Ọdún dé, kò sí ẹni tó dárúkọ ẹran náà, kò sì sí ẹni tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Láràárọ̀ kí Asimawu tó lọ sí ilé-ìwé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á gbé ojú sókè wò ó, kó tó máa lọ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kàn án. Àfi Nimotalahi. A kò sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni òun kò sì sí nílé nígbà tí wọ́n gbé e kọ́. Ní Òde-Omi tirẹ̀, ẹja tó bá gbẹ jù lórí àjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀, kí èyí tó tutù lè rí àyè.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Àlímì dáná wẹ́rẹ́ sínú ààrò búrẹ́dì, kí ọ̀rinrin òjò lè kúrò lára amọ̀ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Iná yìí ni Abibat máa ń lò. Oúnjẹ ọdún tó bá ṣẹ́ kù, á kó o sínú páànù búrẹ́dì, á tì í sínú ààrò, a ó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ooru rẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Oúnjẹ ààrò ni a ń pè é. Àlímì ti ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin ti ń ròyìn oúnjẹ: ó ní ó dùn, ó ní ó gbóná, ó tán.

Nimotalahi ní òun yóò gbìyànjú. Ó gé búrẹ́dì líle yẹn, ó rẹ ẹ́ sínú omi ẹran títí ó fi rọ̀, ó tẹ́ ẹ sí ìdí páànù. Ó fọ́n ìrẹsì lé e, ó da ọbẹ̀ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹran díndín wẹ́wẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì gbádùn láti máa wò ó. Ìkọ́kọrẹ́ àná nìkan ni n kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn. Ta ló ń gbé ìkọ́kọrẹ́ kaná? Títutù ni a ń fi í jẹ ẹ̀bà gbígbóná, ohun tó bá sì kọjá ìyẹn, kí wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Bí mo ṣe gbọ́ ohùn Ìye Àgó lójúde, mo lọ kí i, mo sì fi Nimotalahi sílẹ̀ nínú ilé ìdáná.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún wa ti tó bí i wákàtí kan nígbà tí Asimawu wọ ilé ìdáná lọ bu omi fún ìyá àgbà rẹ̀. A kò gbọ́ igbe. Igbá ni a gbọ́ tó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ náà ti jókòó sórí ilẹ̀, ojú rẹ̀ wà lókè níbi àjà, níbi tí okùn òfìfo ti ń mì. Ó ń sunkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, kò sunkún báyìí.

"Ẹran ìye mi," ló ń wí. "Ẹran ìye mi dà?"

Nimotalahi dúró, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo. Mo sọ fún un ní ọ̀rọ̀ méjì péré, kò sì ju ìyẹn lọ tó fi yé e.

"Ó ti wà nínú ààrò," ló wí. "Mo ti rẹ ẹ́, mo ti ya á mọ́ ìyókù."

Ìye Àgó kò pariwo. Ìbá sàn kí ó pariwo. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Lọ kó aṣọ ẹ wá." Àlímì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

Nimotalahi kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà. "Ẹ má bínú, ìyá mi. Nílé wa, èyí tó bá gbẹ jù ni a kọ́kọ́ ń sè. N kò mọ̀." Ó wá yíjú sí ọmọ náà. "Eyínfúnjowó, n kò mọ̀."

"Ẹ yọ ọ́," ni Asimawu wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó bá a sọ nìyẹn, yàtọ̀ sí ẹ ṣé.

Ẹ gbọ́ mi, bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá sọ pé, "Ọmọ yìí, báwo ni a ṣe ń yọ ẹran kúrò lára ẹran?" Ṣùgbọ́n Nimotalahi kò jiyàn. Ó dìde, ó lọ sídìí ààrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, lábẹ́ òrùlé, ó fi àkísà fa páànù náà jáde. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n, epo ń hó létí páànù. Ó gbé e kalẹ̀, ó tẹ́ ewé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sì ti ìka bọ inú rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ẹran ọdún yìí pupa, èyí tó ti jẹ èéfín ọdún kan dúdú, ó sì tín-ín-rín bí òwú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣà á, á fẹ́ atẹ́gùn sí ìka, á fi í sórí ewé, á tún padà. Mo ní kó jẹ́ kó tutù ná, ó tún ti ìka bọ̀ ọ́. Mo rí i pé ìka rẹ̀ ti ń pọ́n, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀, kò sì nù ún. Mo ní irú sùúrù wo rèé! Ọjọ́ náà gan-an ni mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, n kò sì tíì dẹ́kun.

Asimawu ti dìde nílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀, ó tún sún mọ́ ọn, títí ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó wo ewé, ó wo ìka.

"Ọwọ́ yín ń jó," ló wí.

"Ó kù díẹ̀," ni Nimotalahi wí. "N kò fẹ́ kí ó kù sínú rẹ̀."

Ọmọ náà mú fọ́nrán kan lórí ewé, ó wò ó, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀. Ìye Àgó gan-an fi ọwọ́ di òpó mú.

"Ìye mi máa ń fi edé sí i," ló wí níkẹyìn. "Ẹ kò fi edé sí i."

"Báwo ló ṣe máa ń pọ̀ tó?"

Asimawu la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn án. Ṣé ọmọ Òde-Omi ni edé yóò wọ́n? Nimotalahi sáré wọlé, ó gbé edé tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i fún ọdún jáde, ó tú u, ó sì bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, títí ọmọ náà fi ní ó tó. Asimawu wọ́n ọn sínú páànù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ewé náà, ó sì da ẹran ìyá rẹ̀ padà sínú rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé kó lè dọ́gba. Nimotalahi ti páànù padà sínú ààrò. Àwọn méjèèjì jókòó tì í, wọ́n ń wo iná.

Nígbà tí a gbé e jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ti le lókè, ó rọ̀ nísàlẹ̀, edé àti èéfín ń jà nínú rẹ̀. Nimotalahi bù ú sínú àwo, ó gbé e síwájú ọmọ náà, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà dà bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Asimawu kò sọ pé ẹ ṣé. Ó jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo, ó tún na àwo náà síwájú. Àlímì jáde lọ sínú òjò, ó ní òun ń lọ wo igi ìdáná. Igi wo? Gbogbo igi wa wà lábẹ́ òrùlé.

Ìye Àgó náà jẹ. Ó tọ́ ọ wò, ó tún bù ú. Ó sọkún díẹ̀, ó fi etí gèlè nu ojú. "Ọwọ́ Abibat ló wà níbẹ̀," ló wí. Ó yí ojú sí Nimotalahi. "Ọwọ́ tìẹ náà sì wà níbẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ń dé, lọ́rì Àgó kò sì ní pẹ́ kọjá. Ìye Àgó fa apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó bi ọmọ náà pé, "Ṣé kí n dúró dè ọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Bí ọmọ náà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á mú un lọ.

Asimawu dìde. Ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò ẹran tútù tí a fi iyọ̀ pa, ó ṣà á títí ó fi rí ègé itan kan tó wù ú. Ó gbé e wá fún Nimotalahi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ bá mi gbé e kọ́," ló wí. "Ọwọ́ mi kò tó òkè."

Nimotalahi gun àpótí. Ó so ẹran náà mọ́ okùn tí Abibat so, ó wolẹ̀ wo ọmọ náà. "Ṣé ibí ni?"

"Ẹ sún un sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀, kí èéfín lè kàn án dáadáa."

"Ta ni yóò bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Iléyá tó ń bọ̀?"

"Èmi ni," ni Asimawu wí. "Màá ti ga nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́, Nimotalahi sì rí eyín rẹ̀ láti orí àpótí. A di oúnjẹ ààrò tó kù sínú apẹ̀rẹ̀ fún Ìye Àgó, òun nìkan ló sì wọ lọ́rì padà.