Ọkùnrin Tó Ń Fi Etí Hán Bíríkì

Ìlà kan péré tí ayàfọ́tò kan kọ sábẹ́ fọ́tò ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti ń kó bíríkì sọ́kọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Obìnrin ni ayàfọ́tò náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń lọ síbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, ó ń ya àwọn tó ń fi ọwọ́ àti ẹ̀yìn wá oúnjẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi í ṣe.

"Àǹtí oní-fọ́tò, ẹ má ya ikùn mi o. Ebi nìyàwó mi rò pé ó ń pa mí níbí."

"Ikùn yẹn ò lè wọnú kámẹ́rà," lẹnìkejì rẹ̀ wí. "Àfi kí wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mejì."

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ohun tó fẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹlẹ́ni méjì ni kíkó bíríkì sọ́kọ̀. Ẹni ilẹ̀ á ju méjì sókè pọ̀, ẹni òkè á hán an, á tò ó. Wọn kì í sọ̀rọ̀ sí i. Àmọ́ ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ò-Tàsé. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ń ju bíríkì sí i, gbogbo ìgbà tó bá sì fẹ́ jù ú, á ní, "Gbà."

Nígbà tí wọ́n ń sinmi, ayàfọ́tò bi àbúrò ìyàwó náà pé kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Àbúrò náà wẹ̀yìn wò kó tó dáhùn. "Ojú ẹ̀gbọ́n ti ń lọ. Ó tó ọdún méjì. Òjìji lásán ni wọ́n ń rí. Tí mo bá ti ní 'gbà', ọwọ́ wọn ti mọ ibi tó ń lọ. Gbogbo wa la mọ̀, àfi ọ̀gá. Fọ́tò lẹ wá yà, ẹ yà á. Ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kú síbí."

"Kò ní ti ẹnu mi jáde," ni obìnrin náà wí.

Lóòótọ́, kò ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló ya fọ́tò náà. Bíríkì méjì wà lófuurufú, ó ku díẹ̀ kó kan ọwọ́. Ọwọ́-Ò-Tàsé dijú, ó dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ọ̀nà jíjìn. Ayàfọ́tò mọ̀ pé òun ò tíì ya irú rẹ̀ rí.

Àwọn tó fẹ́ fi àwọn fọ́tò náà han aráyé nínú gbọ̀ngàn kan ní kó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ó kọ "Ó ń gé amọ̀," ó kọ "Ó ń koná." Nígbà tó dórí èyí, "Ó ń hán bíríkì" kéré lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ta ló ń ti ibi bíríkì wá sí gbọ̀ngàn? Ó wá kọ ọ́ pé: "Ojú rẹ̀ ti ṣú, etí ló fi ń hán bíríkì."

Àwọn èèyàn ń dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń mí kanlẹ̀. Inú ayàfọ́tò dùn. Kò sídìí láti purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an.

Àṣé wọ́n ti fìwé pe ẹni tó ni ibi bíríkì náà, torí òun ló fún wọn láyè. Ó dé lọ́jọ́ kẹta, ó kà á. Òun ò mí kanlẹ̀.

"Ṣé orí ọkọ̀ mi lèyí wà?" ló bi ayàfọ́tò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bíríkì ò tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn rí, sà."

"Ó di ọjọ́ tó bá bọ́ lé ẹnìkan lórí."

Ọ̀gá náà ò kúkú purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí Ọwọ́-Ò-Tàsé máa lọ sílé. Ayàfọ́tò lọ bá a níbẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí ibùsùn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún.

"Àǹtí, ṣé ọwọ́ mi hàn nínú ẹ̀?"

"Ó hàn, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa."

Kò bú u. Ì bá tiẹ̀ bú u, ì bá sàn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọwọ́-Ò-Tàsé bí ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nígbà yẹn, ó ku oṣù méjì kó parí. Kò parí ẹ̀ mọ́. Ibi bíríkì ló wà báyìí, ó ń ru omi fáwọn tó ń po amọ̀.