Góòmù Ojú Ìyàwó

Èmi kì í fọkàn tán ẹni tó bá ti pẹ́ ní Sofia, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lọ́jọ́ tí Jamile sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tòun ti àpótí dúdú kékeré lọ́wọ́, mo ti sọ fún ara mi pé: Nefiye, la ojú rẹ o! Jamile ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó lóbìnrin. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní Sofia ni kó máa kun ojú àwọn òṣèré tíátà, kó sì tún máa nù ún kúrò. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé kò fẹ́ kí àbúrò òun gbé Selve níyàwó. Ó ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ṣì kéré. Kéré báwo? Mo ti bímọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí yẹn.

Selve, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni. Èmi ni mo kun ojú rẹ̀, nítorí èmi ni mo ti ń kun gbogbo ìyàwó abúlé wa láti ọdún méjìlélógún. Ìpara funfun á nípọn bíi wàrà kíkan, a ó wá máa to ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń dán sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, pupa, búlúù, góòlù, títí dé ìpéǹpéjú. Ìyàwó á di ojú, kò sì gbọdọ̀ là á títí lèmọ́mù á fi ṣàdúrà, tí ọkọ á fi wàrà fọ ojú náà. Ojú ọkọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín báyìí, mi ò lè pa á mọ́ra. Lásìkò òtútù èṣí, ìpẹ́ mẹ́ta já bọ́ lójú ìyàwó tí mo kùn, níwájú gbogbo ayé, wọ́n sì fi mí ṣẹ̀sín títí yìnyín fi yọ́. Torí náà, lọ́tẹ̀ yìí, mo ra góòmù kan lọ́jà, mo fi lẹ àwọn ìpẹ́ tó wà ní ìpéǹpéjú Selve. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àkọlé ara rẹ̀, mi ò lè kà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, lèmọ́mù ṣàdúrà tán. Feim, ọkọ ìyàwó, gbé abọ́ wàrà wọlé, àwa obìnrin sì yí wọn ká. Bí mo ṣe yíjú báyìí, Jamile ti ń ṣí ìgò kékeré kan.

"Kí nìyẹn?" ni mo bi í.

"Òróró ni, Ànti Nefiye. Ó máa ń jẹ́ kí nǹkan tètè kúrò lójú láìfa awọ."

"Òróró wo? Kọ́kọ́ fi sójú ara tìẹ ká rí i!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó da díẹ̀ sórí òwú, ó gbé e lé ojú ọ̀tún ara rẹ̀. Tìróò rẹ̀ bá a kúrò pátápátá.

"Ojú kejì ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà kẹ̀! Àbí ẹ rò pé májèlé tó ń ba ojú kan ṣoṣo jẹ́ ni?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo já ìgò náà gbà, mo tì í sápò aṣọ mi. "Wàrà la fi ń fọ̀ ọ́ níbí. Tíátà kọ́ nìyí."

Feim rọra ń fọ ọ́. Ìpara yọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn, iwájú orí hàn. Ṣùgbọ́n àwọn ìpẹ́ ìpéǹpéjú dúró gbagidi, ojú méjèèjì sì lẹ̀ pinpin. Feim fi èékánná mú ìpẹ́ kan, ó fà á. Selve ké. Irun ojú mẹ́ta bá a jáde.

Shefika, ìyá ọkọ, kò pariwo. Ó kàn yíjú sí obìnrin tó wà nítòsí rẹ̀: "Ìyàwó tí ojú rẹ̀ kò là níwájú ọkọ. Irú kí lèyí?" Mo mọ̀ pé góòmù mi ló fà á. Síbẹ̀ Jamile ni mò ń wò, mò ń wá bí mo ṣe máa di ẹ̀bi náà rù ú.

Jamile ti di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "Má fà á mọ́! Ṣé o fẹ́ fọ́ ọ lójú ni?" Ó kúnlẹ̀ síwájú Selve, ó yẹ ìpéǹpéjú náà wò, ó wá gbójú sókè. "Ta ló fi góòmù sí i? Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń lẹ irun ojú àtọwọ́dá, òróró á tú u. Tó bá jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe bàtà, òróró ò ràn án o, ọsibítù ló kàn. Mo ní láti mọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án."

Selve ń sunkún, omijé ò ríbi gbà jáde. Bí mo bá dákẹ́, òróró Jamile ni wọ́n máa dá lẹ́bi tí ojú náà bá bàjẹ́, n ó sì máa bá iṣẹ́ ìyàwó kíkùn mi lọ. Mo fẹ́ẹ́ dákẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ yẹn. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo yọ ìgò òróró, mo sì yọ góòmù tẹ̀ lé e.

"Èmi ni."

Shefika wò mí láti òkè délẹ̀. Jamile ka àkọlé, ó mí kanlẹ̀. "Ti irun ojú ni. Ọlọ́run ṣeun." Kò bá mi wí rárá. Ó fọ ọwọ́, ó rẹ òwú sínú òróró, ó gbé e lé ojú òsì, ó sì dúró. Kò nù ún, kò tẹ̀ ẹ́. A dúró títí. Ó pààrọ̀ òwú, a tún dúró. Nígbà tó yá, ó fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ìpẹ́ sì ń bá a wálẹ̀. Kí ojú náà tó là, ó fa Feim lápá síwájú, òun bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ojú náà pọ́n bí ata, ṣùgbọ́n ó là. Feim ló kọ́kọ́ rí. Àwọn obìnrin hó yèè.

"Ànti Nefiye," ni Jamile wí, ó na òwú tuntun sí mi, "ẹ bá wa ṣe ọ̀tún. Ẹ̀yin lẹ kùn ún."

Mo mọ̀ pé ó fẹ́ bò mí láṣìírí ni. Ìtìjú sì mú mi. Mo gba òwú náà, mo sún mọ́ Selve, ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà. Ó fi ojú kan tó là wò mí, ó wo ọwọ́ mi, ó sì fa orí sẹ́yìn.

"Ẹ gbé e fún Jamile," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, mà."