Ìwọ̀n Ọdún Ìgbéyàwó

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ẹni tó wà lókèèrè fa àga rẹ̀ bọ̀, kí ẹni tó ń tòògbé bọ́jú. Ìtàn obìnrin kan tó ń fi alùpùpù gun òkè nìyí, orin sì wà nínú rẹ̀.

Gbà! Iwájú alùpùpù tún já sínú kòtò, ọwọ́ obìnrin náà sì gbọ̀n dé èjìká. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni. Àràárọ̀ ló ń gba ọ̀nà olókùúta yẹn lọ sórí òkè, láti wò ó bóyá iná ń jó níbì kan. Nígbà kan, bó ṣe ń gùn ún lọ ló ń kọrin, àwọn agégi nísàlẹ̀ á sì máa gbè é:

Òkè, mò ń bọ̀ o,
Má sá fún mi.
Ẹsẹ̀ mi kọ́, táyà ni,
Má sá fún mi.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti dá, orin ò ṣeé kọ parí mọ́. Kòtò á gé e sí méjì, òkúta á gbé ìyókù jẹ. Tó bá sì sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó wà lókè ọrùn tilẹ̀ ti já, ó wà nínú àpò, kò sì gbìyànjú láti rán an padà.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ọwọ́ gbígbọ̀n náà ló fi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí òwú ò fi lè wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, ṣíbí gan-an ò dé ẹnu kí ohun inú rẹ̀ tó dànù. Obìnrin náà dúró lórí òkè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ síwájú, ó wò ó. Ó ti kan òun nìyẹn. Ọ̀gá wọn ti ń wá ẹni tí yóò máa jókòó dáhùn tẹlifóònù ní ọ́fíìsì. Obìnrin náà pinnu pé lọ́la lòun yóò lọ gba iṣẹ́ náà. Alùpùpù yóò di títà lónìí.

Inú ọgbà kan náà ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe búrẹ́dì tí Àǹtí sì ti ń tún máṣíìnì ṣe. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni Àǹtí, mọkáníìkì tó já fáfá, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú gíríìsì, ẹnu rẹ̀ kì í kúrò nínú ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí òjò dá, tí sípíríǹ, irin lílọ́ tó ń gbé alùpùpù náà nínú ṣọ́ọ̀kì iwájú, ti dípẹtà, òun àti àbúrò rẹ̀ ló jọ ra tuntun, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn fún ìyàwó. Ta ló sì ń fura sí ẹ̀bùn?

“Àǹtí, ẹ bá mi wá ẹni tó máa ra alùpùpù yìí,” ni obìnrin náà wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọgbà.

Àǹtí wo ojú rẹ̀. Ó ní òun kì í ta máṣíìnì tí òun ò tíì fetí sí. Ó fa òwú kan yọ lára àkísà tó fi ń nu ọwọ́, ó so ó mọ́ irin dídán tó ń wọlé jáde nínú ṣọ́ọ̀kì. Ó ní kí ìyàwó gùn ún lọ, kó gùn ún bọ̀, lórí ilẹ̀ gbágungbàgun ẹ̀yìn ọgbà, kó sì máa kọrin.

“Ohùn ìwọ ni mo fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì.”

Òkè, mò ń— gbà. Má sá— gbà. Nígbà tó dúró, òwú ti lọ há sí òkè pátápátá, kò síbi tó tún lè lọ mọ́. Àǹtí fi ìka tọ́ ọ. Ó ṣàlàyé pé sípíríǹ yẹn ò lágbára tó láti gbé ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ní gbogbo kòtò, irin ń lu irin ni, ọwọ́ ìyàwó ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ẹni tó ń gùn ún ni wọ́n fi ń ra sípíríǹ. Ó pe àbúrò rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì jáde, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Ìwọ̀n ta lo sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?”

“Ti ìyàwó mi.”

“Ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n?”

Ọkọ wolẹ̀. “Nígbà tá a lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbéyàwó.”

“Àwọn ọmọ tó ti bí látìgbà yẹn ńkọ́? Gbogbo búrẹ́dì rẹ tó ti jẹ ńkọ́?”

“Àǹtí, lójú tèmi, kò tíì yí padà.”

“Ojú rẹ kọ́ ló ń gbé e gun òkè. Ṣọ́ọ̀kì ni.”

Ẹ̀rín pa ìyàwó débi tó fi di ògiri mú. Wọ́n mú un lọ síbi òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun, tòun ti bàtà iṣẹ́, tòun ti àpò àti ike omi. Ọkọ tó ń wọn iyọ̀ lójoojúmọ́ fi ọwọ́ bojú, ìyẹ̀fun sì kún ojú rẹ̀.

Àǹtí gbé iwájú alùpùpù lé àpótí. Ó tú ìdérí ṣọ́ọ̀kì, ó fa sípíríǹ jáde tòun ti epo tó ń kán tó-tó-tó, ó da epo dúdú náà nù. Ó wá èyí tó le jù ú lọ jáde láàárín ẹrù rẹ̀. Ó wọn epo tuntun sínú kọ́ọ̀bù, ó ní kí ìyàwó bá òun dì í mú. Epo ń mì nínú kọ́ọ̀bù. Àǹtí rí i. Ó fi ọwọ́ gíríìsì tirẹ̀ di kọ́ọ̀bù náà mú pẹ̀lú rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìyá rẹ lò ń rò?”

Ìyàwó bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Gùn ún dé orí òkè ná. Tó o bá padà dé, a ó jọ wo ọwọ́ yẹn.”

Nígbà tí Àǹtí dé ṣọ́ọ̀kì padà tán, obìnrin náà gùn ún lọ lọ́sàn-án yẹn, ojú ọ̀nà kan náà, kòtò kan náà. Táyà wọ inú kòtò, ó rọra jáde, bí ẹni tó dìde lórí tìmùtìmù. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Orin náà dé ìparí láì já, ó tún un kọ, àwọn agégi sì gbè é láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tó padà dé, àyè ṣì wà lókè òwú ara ṣọ́ọ̀kì. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Ó ní kí Àǹtí fún òun ní abẹ́rẹ́. Àǹtí yọ ọ̀kan lára kọ́là rẹ̀. Obìnrin náà fi itọ́ pọ́n òwú lẹ́nu, epo inú rẹ̀ mú kó tutọ́. Ó wá gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òwú wọ ojú abẹ́rẹ́.

Àǹtí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá àkísà tó wà ní èjìká rẹ̀. Ọkọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó ní kò sí nǹkan kan, òun fẹ́ rán bọ́tìnnì ni.

Búrẹ́dì jáde láti inú ààrò. Àwọn agégi tó ń darí bọ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n yà. Ọkọ gé ti ìyàwó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ń tì í. Ìyàwó jẹ ẹ́ tán, ó tún na ọwọ́.

“Gé òmíràn, kó nípọn. Sípíríǹ á gbé e.”

Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n nu ẹnu, oníkálukú forí lé ilé rẹ̀. Ìyàwó ló lọ kẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ ti alùpùpù rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ dè dé ọrùn.