Ọjọ́ Tí Tavian Burdette Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ka orúkọ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún Amẹ́ríkà. Bobbie Wojcik àti Gus àbúrò rẹ̀ jókòó sí ilé oúnjẹ kan létí odò ní Milwaukee, wọ́n ń jẹ ẹja díndín, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti ìgbà tí ìyá wọn ti wà láyé. Gus ló kọ́kọ́ rí i lórí fóònù. Ó wò ó títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yín ò sí níbẹ̀ o."

"Ọmọ wa wo?"

"Tavian. Nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n kà, ẹnì kan ṣoṣo ló wá láti líìgì ilé. Aṣọ́lé kẹta! Ẹni tí yóò máa bá wọn gbé omi."

Bobbie gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ẹja inú àwo rẹ̀ tutù níbẹ̀.

Obìnrin yìí ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá béèrè rẹ̀ ní àdúgbò, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Òun ni olórí àwọn tó máa ń dúró lẹ́yìn ilé góòlù ìhà àríwá níbi tí Harbor, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wọn, ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òjò kì í lé e kúrò níbẹ̀, yìnyín kì í lé e. Ó ti ń tẹ̀ lé ikọ̀ orílẹ̀-èdè náà tipẹ́tipẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì lọ́dún 1990, nígbà tí wọ́n lọ sí Ife Àgbáyé ní Ítálì tí wọ́n nà wọ́n nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló sì jókòó wò ó nínú ilé wọn. Bàbá rẹ̀ bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó béèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Ìgbà yẹn kò sí líìgì gidi kankan ní Amẹ́ríkà tí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù lè lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú líìgì ilé lójú rẹ̀. Ó rí ìgbà tí kò sí.

Gus ní tirẹ̀, ikọ̀ orílẹ̀-èdè nìkan ló mọ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá Yúróòpù tó ń wò láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́.

"Mo ti sọ fún ẹ," ó ní. "Ilé ìfẹ̀yìntì ni líìgì yín. Àwọn tí orúnkún wọn ti bàjẹ́ ní Yúróòpù ló ń wá jẹun síbẹ̀."

"Gus, ìgbà mélòó lo ti wá wo Harbor?"

"Kí ni mo fẹ́ wá wò?"

"Ìgbà mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Òtútù pa mí."

"Ó dáa. Jẹ́ n jẹun jàre."

Ṣùgbọ́n kò lè jẹun mọ́. Tavian Burdette ló ń rò. Láti Memphis ni ọmọkùnrin náà ti wá sọ́dọ̀ wọn, tín-ínrín bí igi ìgbálẹ̀, wọ́n sì fi í sí ẹ̀yìn lápá òsì nítorí pé ẹni tó ń gbá a níbẹ̀ fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Ọdún àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn ló ń pariwo lé e lórí, Bobbie gan-an sì wà lára wọn. Bọ́ọ̀lù kì í dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí Bobbie tètè ṣàkíyèsí: bí ó bá sọ bọ́ọ̀lù nù, kì í na ọwọ́ sí rẹfirí, kì í wo ẹnikẹ́ni níwò ìbáwí, yóò kàn yí padà ni, yóò sì sáré lé e bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Nígbà tó fi di ọdún kẹta, kò sí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́. Lọ́dún yìí, àwọn oníròyìn pàápàá ti ń sọ pé kò sí ẹni tó dà bí rẹ̀ lápá òsì ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ohun tó tún wá bu epo síná ni pé Milwaukee gan-an ni Amẹ́ríkà ti máa pàdé Guatemala, nínú pápá Harbor.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Bobbie kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ sínú gáréèjì Inés Quiroga, obìnrin tó ń rán àsíá wọn. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò gùn. Ó ní bí wọ́n bá ti kọ orin orílẹ̀-èdè tán, kí gbogbo abala àwọn kọ ẹ̀yìn sí pápá, kí wọ́n sì dákẹ́ fún ìdajì àkọ́kọ́, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Amẹ́ríkà tó yọ Tavian sílẹ̀ lè mọ̀ pé àwọn rí ohun tó ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inés nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Bobbie, ta ló máa wá kọrin?"

"Kò sẹ́ni tó máa kọrin."

"Tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn wa ló máa rí i."

Inés mi orí, ó sì ń bá ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà bọ́ sí, nínú oṣù Ọ̀wàrà. Afẹ́fẹ́ adágún ńlá tó wà létí ìlú ń fẹ́ wọ inú egungun. Láti òwúrọ̀ ni Bobbie àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tó yí pápá ká, tí wọ́n ń se sọ́séèjì nínú ọtí bíà àti àlùbọ́sà kí wọ́n tó gbé e sórí iná èédú. Èéfín gba gbogbo ibẹ̀ kan. Àwọn àlejò ti wá láti Chicago, láti Minnesota, wọ́n kun pupa àti búlúù sójú. Gus pàápàá wá, ó wọ jẹ́sì ikọ̀ náà lé kóòtù rẹ̀ lórí, ó sì rí bí àpò ìrẹsì.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ kẹ̀yìn sí wọn?" ó béèrè.

"Lóòótọ́."

"Ẹ máa dójú ti ara yín níwájú gbogbo ayé."

"Gus, gbé sọ́séèjì kan sẹ́nu, kí n lè gbádùn."

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin kan ti ń bọ̀ láàárín èéfín, ó dé fìlà òtútù, ó sì wọ jẹ́sì Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń tà fún ẹnikẹ́ni ní ẹnu ọ̀nà. Inés ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó gbé síbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i.

Tavian Burdette ni.

"Ẹ káàsán mà, Mísì Bobbie," ó ní. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ní Memphis nìyẹn, kì í pe àgbàlagbà lórúkọ lásán. "Ṣé ó ṣì ku kan fún mi?"

Bobbie fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki sọ́séèjì sínú búrẹ́dì, ó fi músítádì sí i, ó gbé e fún un.

"Kí lo wá ṣe níbí, Tavian?"

"Mo wá wo bọ́ọ̀lù. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Abala tiyín ni."

Gus kò lè pa á mọ́ra. "Ṣé kò dùn ẹ́ ni?"

Tavian jẹ sọ́séèjì rẹ̀, ó gbé e mì. "Ó dùn mí gan-an, sà. Mo sunkún nínú mọ́tò mi. Nígbà tó yá ebi pa mí, mo wọlé lọ jẹun. Lẹ́yìn náà ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, kò sì fi ṣe àánú ara rẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Gus wo ilẹ̀.

Bobbie fa Tavian sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ ohun tí wọ́n ti pinnu fún un. Ó rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ojú ọmọ náà yí padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe é."

"Nítorí tìẹ ni."

"Mo mọ̀, ẹ ṣeun mà. Ṣùgbọ́n Elliott tó ń gbá apá òsì yẹn, yàrá kan náà ni èmi pẹ̀lú ẹ̀ ń sùn nígbà tí a wà nínú ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Èèyàn dáadáa ni. Tí gbogbo yín bá kẹ̀yìn sí i, kò ní mọ̀ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ ń bá wí. Òun lẹ máa ṣe é sí. Ẹ̀gbẹ́ yín gan-an ló ti máa gbá bọ́ọ̀lù ìdajì àkọ́kọ́."

Bobbie kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ọmọkùnrin tí wọ́n já sílẹ̀, tó wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó ti kọ́ ọmọ púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀, kò sì rántí èyí tó ṣe irú rẹ̀. Ó padà sídìí iná, ó pàtẹ́wọ́ kí wọ́n lè dákẹ́.

"Ẹ gbọ́ o! A ò kọ ẹ̀yìn sẹ́nikẹ́ni mọ́. Ẹ tún ohùn yín ṣe."

"Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ló máa já sí," ni Inés wí, ó sì fa àsíá ńlá kan yọ láti inú búùtù mọ́tò rẹ̀. Ó ti rán an tán láti ọjọ́ mélòó kan.

Wọ́n wọlé. Tavian dúró láàárín Bobbie àti Gus. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ tí Elliott yọ̀ lórí koríko, agbábọ́ọ̀lù Guatemala kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí àárín. Wọ́n gbá a wọlé. Gbogbo pápá kùn hùnnn. Lókè lọ́hùn-ún, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ọkùnrin kan lẹ́yìn Bobbie kígbe pé, "Burdette dà? Ta ló fi eléyìí síbẹ̀?"

Ọkùnrin náà kò mọ̀ pé Burdette wà níwájú òun.

Tavian gun orí ìjókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó sì kígbe, "El-li-ott! El-li-ott!" Ohùn rẹ̀ dá wà nínú afẹ́fẹ́. Bobbie gbè é. Inés gbè é. Kó tó di pé èèyàn ṣẹ́jú, gbogbo ìhà àríwá ti gbà á, wọ́n ń fò sókè, pákó ilẹ̀ ń mì. Elliott tí ó ti tẹrí ba gbójú sókè wò wọ́n, ó sì wá nawọ́ sókè díẹ̀. Gus ń kígbe orúkọ náà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọ̀mì ni wọ́n ta níkẹyìn. Góòlù Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Elliott wá, láti kọ́nà ni, ó sì burẹ́wà, orúnkún ẹnì kan ló kàn án. Elliott kò gbá bọ́ọ̀lù tó yanilẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tún yọ̀ lórí koríko mọ́.

Nígbà tí wọ́n ń rìn jáde, Tavian fà sẹ́yìn títí tó fi ku òun àti Bobbie.

"Mísì Bobbie, ẹgbẹ́ kan ní Denmark fẹ́ rà mí."

Bobbie dẹsẹ̀ dúró.

"Akọ́nimọ̀ọ́gbá Amẹ́ríkà pè mí lórí fóònù kó tó gbé orúkọ jáde. Ó ní tí mo bá fẹ́ kí òun mú mi sínú ikọ̀, kí n kúrò ní líìgì yìí. Kí lẹ rò mà?"

Ibí yìí ló ti le. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ láti sọ pé, jókòó, irọ́ ló ń pa, líìgì wa tó ẹ. Ó gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì tún mọ̀ pé kò sí ẹni tí kò ní wù láti mọ bí òun ṣe tó níbòmíràn.

"Ṣé ó wù ẹ́ láti lọ?"

"Ó wù mí mà. Ó ti ń wù mí tipẹ́."

"Nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn?"

Ó rò ó. "Rárá. Mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí."

"Lọ, nígbà náà. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí o ti kọ́ bọ́ọ̀lù, má fi orúkọ wa pamọ́ o. Má sọ pé ibì kan tí o kàn gbà kọjá ni."

"Mi ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ láéláé, mà."

Bobbie gbá a mọ́ra, ó sì yára yí ojú sí ibòmíràn, ó ní èéfín ló wọ òun lójú. Iná ti kú tipẹ́.

Tavian lọ nínú oṣù Kíní. Nígbà tí líìgì tún bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹta, yìnyín ṣì wà ní etí pápá. Gus wá, ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì dání, ó ń ráhùn láti ẹnu géètì. Ẹni tó ń gbá apá òsì báyìí ni ọkùnrin ńlá kan láti Green Bay tó ń jẹ́ Dierk Aumann, tí kò lè sáré púpọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù, ó gbá a tààrà síta.

"Ha!" ni Gus wí. "Eléyìí ńkọ́?"

"Fún un ní àyè."

"Àyè wo? Wò ó bó ṣe ń rìn!"

Dierk kò na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó yí padà, ó ń sáré bọ̀ gìrìgìrì pẹ̀lú ara ńlá rẹ̀, ó bá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, ó sì gba bọ́ọ̀lù náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Bobbie ti gun orí ìjókòó. "Aumann!" ló ń kígbe. "O káre, Aumann!"

Gus wò ó, ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì kan lé e léjìká, ó sì dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.