Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Ti Pa Rẹ́

"Kò sí nǹkan kan lábẹ́ orúkọ yìí, mà." Akọ̀wé kóòtù yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí Odessa Tillman lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. "Roscoe Tillman. Ó mọ́ tónítóní."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Odessa, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ta ló jẹ́ kó mọ́ tónítóní bí kò ṣe òun? Lọ́dún méje sẹ́yìn, òun ló mú Roscoe, bàbá rẹ̀, lọ bá àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́, tí wọ́n bá a pa ẹ̀sùn igbó rẹ́ nínú ìwé ìjọba, kí ṣọ́ọ̀ṣì lè gbà kó máa kọ́ àwọn ọmọdé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n da gbogbo ìwé ẹjọ́ sínú iná tí wọ́n fi ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì jẹ ẹran náà tayọ̀tayọ̀.

Ìjọba kan náà tó torí igbó kó àwọn ọkùnrin West Side, ní Chicago, lọ sẹ́wọ̀n ti wá sọ igbó di ọjà. Wọ́n ní ìdílé tí òfin àtijọ́ dá lóró làwọn máa kọ́kọ́ fún ní ìwé àṣẹ láti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ṣùgbọ́n ẹ ní láti mú ẹ̀rí wá pé wọ́n dá ẹ̀yin tàbí òbí yín lẹ́bi rí, ó sì di dandan kó dé ọwọ́ wọn kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní tó lù. Ọdún mẹ́ta ni Odessa ti fi ń bá àwọn olówó ta igbó. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló kù tó fẹ́.

Ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí bàbá rẹ̀ wá búra, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ kẹ̀! Bàbá tí kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú un rí láti ọdún márùndínlógójì.

Ó bá a ní kíṣìnì, ó ń dín ẹja.

"Dádì, ẹ má bínú," ó sì ṣàlàyé.

Roscoe yí ẹja padà. "Nígbà tí mo dáràn, wọ́n lé mi. Nígbà tí mo mọ́, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, sà."

"Àwọn èèyàn yìí ò ní pa mí!" Ó pa iná. "Jẹ́ n wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Ní ọ́fíìsì náà, Sister Earline, tí Roscoe ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Bíbélì, ló tò sẹ́yìn wọn. Ojú ti Odessa fún bàbá rẹ̀: obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yìí máa gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, Dádì."

"Dúró, Dessa." Ó gbọ́wọ́ lé Bíbélì, ó búra.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ìdì igbó méjì wà nínú mọ́tò mi. Mi ò parọ́, mo ń tà á. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá dá mi dúró. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ mú ọmọ mi níléèwé, kí wọ́n máa tẹ̀ lé mi bọ̀, tí mo bá ti gbé e délé, kí wọ́n mú mi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

Odessa rántí ọjọ́ Jímọ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iléèwé títí ilẹ̀ fi ṣú, tí obìnrin tó ń gbálẹ̀ fi mú un lọ sílé. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Nígbà tó dàgbà, tó gbọ́ nípa ẹ̀wọ̀n, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ọjọ́ yẹn gan-an ni. Ó ti dárí ẹ̀wọ̀n ji bàbá rẹ̀ tipẹ́. Pé ó gbàgbé òun lórí àtẹ̀gùn ni kò tíì lè dárí rẹ̀ jì í.

Obìnrin tó ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù dáwọ́ dúró. "Bàbá, fọ́ọ̀mù ò béèrè ti iléèwé o. Ṣé kí n yọ ọ́?"

Roscoe wojú ọmọ rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," Odessa wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ gbogbo rẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́, jàre," Sister Earline wí lẹ́yìn wọn.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ìwé náà. Wọ́n nà án sí Odessa, kò tètè gbà á. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló dì mú. Kò gbàgbé òun. Lọ́jọ́ náà, bàbá òun ń bọ̀ wá mú òun.