Ọwọ́ Òsì Ìyá Tabea

Ọwọ́ ọ̀tún ni ìka méjì ti sọnù lára obìnrin inú fọ́tò náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ òsì ni òtútù ti jẹ ìka ìyá Tabea.

Tabea bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún fi í sójú. Obìnrin náà kò yí padà. Ó dúró níwájú ilé ìjọ Uivaluk, ìlú wọn àtijọ́, ó kọjú sí òkun, ìkùukùu bo gbogbo òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n ní kó má mí. Ìka méjì tó kẹ́yìn kò sí lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Níhà ọwọ́ yẹn kan náà, níbi tí kò jìnnà sí ilé ìjọ, àgbélébùú onígi ńlá kan dúró lórí ilẹ̀ tó wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Tabea pè, "ẹ wá wo nǹkan yìí."

Manase gbé orí sókè nídìí kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ọmọ ọmọ Tabea, òun ló sì ń tọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó fọ́tò àti máàpù àtijọ́ sí nílùú náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀gbọ́n Tabea tó kú ní kékeré ni wọ́n sọ ọ́, ẹni tó bá sì jẹ́ orúkọ òkú láàárín wọn, ipò òkú náà ló wà. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ìyá àgbà rẹ̀ ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, tó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, tó ń fún un ní orí ẹja kó tó kan ẹnikẹ́ni. Manase kì í dáhùn bí ẹ̀gbọ́n. Ìtìjú máa ń mú un. "Màmá àgbà" lòun máa ń pè é.

"Kí lẹ rí, Màmá àgbà?"

"Ta ló tẹ fọ́tò yìí?"

"Àwọn ará òkè òkun ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi fún wa nítorí ìrìn ọ̀la. Gíláàsì tí àlùfáà fi yà á gan-an, èyí tí wọ́n ń tẹ fọ́tò láti ara rẹ̀, bá a wá, ó wà nínú àpótí."

Ìrìn ọ̀la ni gbogbo ìlú ń sọ láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́. Bí òkun bá kún láàárọ̀, ọkọ̀ Gustav, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, yóò gba ọ̀nà àríwá lọ sí Uivaluk, wọn yóò hú egungun èèyàn méjìdínlógún, wọn yóò sì kó wọn wá sílé.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tabea nígbà tí ọkọ̀ òkun kan gbé ibà wá sí Uivaluk. Ìgbà òtútù yẹn kò tí ì parí tí àwọn méjìdínlógún fi kú, Manase àkọ́kọ́ wà lára wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ilẹ̀ le bí irin. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn ọkùnrin tí ó kù fi dáná sórí rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo. Kò sí pákó pósí, nítorí igi kì í hù lẹ́bàá òkun yẹn, nítorí náà wọ́n tú àwọn bẹ́ǹṣì ilé-ìwé míṣọ́nnì, wọ́n fi bo àwọn òkú, wọ́n sì fi ìyókù ṣe àgbélébùú sórí kòtò náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba ní ọkọ̀ kò ní í yà síbẹ̀ mọ́, kí gbogbo wọn kó lọ sí gúúsù. Àwọn ọdẹ tó ń kọjá fi àgbélébùú náà dáná. Ilé ìjọ wó. Ilẹ̀ gbalasa tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ àti èyí tó wà lósì rẹ̀ wá jọra bí ìbejì.

Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí ilẹ̀ Uivaluk, ìgbìmọ̀ ìlú bi àwọn àgbà léèrè ibi tí kòtò náà wà. Tabea nìkan ló kù tó fojú rí i. Láti orí ibùsùn ibà ló ti wo ojú fèrèsé, tó rí àwọn ajá tí wọ́n ń fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lórí yìnyín. Kò tilẹ̀ ronú. Ọwọ́ òsì ló nà. Alága wá tẹ́ máàpù síwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti yà lókè òkun láti ara àwọn fọ́tò àlùfáà, pẹ̀lú ẹ̀dà fọ́tò kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kàn rí bí àmì funfun méjì. Ọwọ́ ọ̀tún ni àgbélébùú wà nínú méjèèjì. Ní ilé-ìwé míṣọ́nnì, wọ́n ti fi rúlà kọ́ ọ pé ìwé kì í purọ́. Tabea fa ọwọ́ òsì rẹ̀ padà sórí itan.

"Ọ̀tún ni," ló wí, ó sì fọwọ́ sí i.

Ìgbà ẹ̀rùn mẹ́ta ni Gustav àti àwọn ọkùnrin márùn-ún fi kó òkúta sí etí ilẹ̀ ọ̀tún kí òkun má bàa gbé e. Ẹnikẹ́ni kò gbé òkúta kan sí òsì. Nígbà tí ìjì ọdún tó kọjá gbá òsì lọ pátápátá, wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òsì ló lọ. Tabea ló dá orin.

"Ẹ gbé gíláàsì náà wá, ẹ̀gbọ́n mi."

Manase wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó yọ ọ́ nínú àpótí, ó gbé e sí ojú fèrèsé. Bí gíláàsì fọ́tò ti máa ń rí, ojú ìyá Tabea dúdú níbẹ̀, irun rẹ̀ funfun.

"Ẹ yí i padà."

Ó yí i padà. Ìka tó gé bọ́ sí òsì. Àgbélébùú bá a lọ.

Manase tẹjú mọ́ gíláàsì náà. "Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yìn gíláàsì ló gbé síwájú. Máàpù wá tẹ̀ lé e."

Tabea ń wo ọwọ́ náà. Ní kékeré, bí òun àti ìyá rẹ̀ bá ń lọ sí ilé ìjọ, ọwọ́ yẹn ló máa ń dì mú, àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ sì máa ń wọ ibi tí ìka méjì náà ti sọnù, á gba ibẹ̀ rẹ́gí. Ó ti mọ ìyẹn kó tó mọ lẹ́tà A.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gustav wọlé pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀, ó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Tabea! O ṣì wà láyé? Mo rò pé eruku ìwé ti pa ẹ́."

"Wo ẹni tó ń rìn bí akàn, tó ń béèrè ẹni tó kù láyé."

"Òkúta rẹ ló sọ mí di akàn! Da tíì fún mi, Manase, má dá ìyá àgbà rẹ lóhùn." Ó gba ife. Ìyá tirẹ̀ wà nínú kòtò yẹn. Òun àti bàbá rẹ̀ ń ṣọdẹ lọ́nà jíjìn nígbà tó kú, wọn kò bá ìsìnkú. "Gbogbo ẹ̀ ti ṣe tán. Mo ti kan pósí. Pákó tí a rà ni o, kò tó irú èyí tí a rí lọ́dún tó kọjá. Ṣé mo sọ fún ẹ, Manase? Lẹ́yìn ìjì yẹn, ní etí omi Uivaluk, pákó gígùn, ó ṣì ní ìṣó lára. Aláwọ̀ ewé! Mo ní òkun rántí wa lónìí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi pákó náà dáná tíì."

Manase wo ìyá àgbà rẹ̀. Tabea ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Nígbà ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé ibà yẹn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn jókòó sí ní ilé-ìwé. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti nà án rí nítorí pé ó ń fi èékánná họ ọ̀dà bẹ́ǹṣì.

"Ṣé kí n sọ ọ́?" ni Manase béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Tabea mi orí pé rárá. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò lọ, wọn yóò gbẹ́lẹ̀, wọn kò ní rí nǹkan kan, wọn yóò sì ní ilẹ̀ ti jẹ wọ́n tán. Adùn tíì Gustav yóò kù sí i lẹ́nu. Ọwọ́ òsì rẹ̀ fẹ́ padà sórí itan. Ó gbé e sórí gíláàsì.

"Gustav, jókòó."

"Ẹ̀yìn mi ò gbà kí n—"

"Jókòó."

Ó fi fọ́tò hàn án, ó fi gíláàsì hàn án, ó sì sọ ọ́ láìfà á gùn. "Òsì ni wọ́n wà. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo sọ ọ̀tún."

Gustav wo èkíní, ó wo èkejì. Ó rọra gbé ife sílẹ̀.

"Wọ́n máa ń sọ pé bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi bò wọ́n," ló wí nígbà tó yá. "Àwọ̀ wo ni?"

Tabea ń wo ife náà.

"Tabea. Àwọ̀ wo ni?"

"Àwọ̀ ewé."

Gustav ṣí fìlà rẹ̀. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wá ìdọ̀tí. "Inú mi dùn nídìí iná náà," ló wí. "Mo tilẹ̀ kọrin."

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn. "Ọkọ̀ ṣì ń lọ láàárọ̀."

"Kí lẹ máa gbé pósí lọ ṣe?" ni Manase béèrè.

"Mi ò mọ̀," ni Gustav wí, ó sì jáde.

Manase tẹ́ máàpù tuntun, èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn ìjì, ó fi pẹ́ńsù lé ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́. Tabea wá ilé ìjọ, ó wá òsì rẹ̀. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Inú omi ló kọ àgbélébùú náà sí, ó kéré, ó sì tẹ̀ díẹ̀.

Ó nawọ́ gba ọwọ́ òsì Manase. Ó ń fọwọ́ wá àyè lára rẹ̀. Ìka márààrún pé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ṣé omi yẹn tutù?"

Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ó tutù, àbúrò mi," ni Manase wí. "Ṣùgbọ́n a pọ̀ níbẹ̀."